ÌṢIRÒ OMI: ÌTÀN ODÒ, KÀNGA ÀTI ÌSÉDÒ NÍ ILẸ̀ ÌBÀRÀPÁ

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìwé ọdọọdún yìí, a tún fẹ́ bu díẹ̀ nínú ìtàn ilẹ̀ wa fún yín. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun ni a mú wá, bí kò ṣe ìtàn omi. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Níbi tí ọmọ ìlú bá gbé péjọ, ìbáà ṣe ní Ìgbò-Ọrà, ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ omi kì í gbẹ́yìn. Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Nígbà wo ni ìjọba yóò fún wa ní omi?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Èkejì rẹ̀ wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu wa: "Bí omi náà bá dé, kí ni yóò ṣe sí ilẹ̀, sí odò, sí oko, àti sí ara àwọn tí yóò máa gbé ní etí rẹ̀?"

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n omi ní ìṣirò. Ẹni tó gbẹ́ kànga, tó sé odò, tàbí tó fa omi láti ìlú kan lọ sí òmíràn ti yí nǹkan padà, ohun tó yí padà náà yóò sì yí àwọn ènìyàn padà pẹ̀lú. A fẹ́ fi ìtàn hàn yín pé ní agbègbè wa yìí, iṣẹ́ omi ńlá àti kékeré ti wáyé láìsí ìṣirò tó péye ṣáájú, àti pé àwọn tí a kò pè síbi tí a ti pinnu ni ó sábà máa ń san gbèsè rẹ̀.

ODÒ ÀTI ILẸ̀ WA

Ìlú méje ni a ń pè ní Ìbàràpá: Ìgbò-Ọrà, Ẹrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán. Odò Ògùn ń ṣàn lọ ní ìhà ìlà-oòrùn wa, láàárín àwa àti Ìbàdàn. Ọ̀fíkì wá láti ìhà Òkè-Ògùn, ó gba ilẹ̀ wa kọjá, ó sì lọ pàdé odò Ọyán ní ìsàlẹ̀. Òpèkí àti àwọn odò kéékèèké mìíràn wà láàárín wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ tí omi rọrùn láti rí. Àpáta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, àpáta líle tí a ń rí orí rẹ̀ ní àwọn òkè tó yí wa ká. Omi kì í sí nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ àfi níbi tó bá ti là tàbí tó ti jẹrà. Ìdí nìyí tí a fi lè gbẹ́ kànga méjì ní àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan máa sun, kí èkejì sì gbẹ. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, òjò a wọ́n, àwọn odò kéékèèké a di ọ̀gọ̀dọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn obìnrin àti ọmọdé a sì máa rìn jìnnà.

Àwọn baba wa kò ka omi sí ohun tí a ń lò bó ṣe wu ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ibi tí a ti ń pọn omi mímu yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń fọṣọ. A kì í fi májèlé pẹja nínú odò tí ìlú ń mu. A kì í sì í gé igi orí ìsun. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò rí ìjà àwọn àgbà. Àwọn kan ń rò pé èèwọ̀ lásán ni èyí, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìṣirò ni: wọ́n ti mọ ohun tí ń ba omi jẹ́, wọ́n sì ti ṣe òfin sí i kí ó tó bàjẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà fi irú rẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n ya igbó Ọlókèméjì sọ́tọ̀ ní ọdún 1899, létí odò Ògùn, tí ó di ọ̀kan lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Igbó àti odò kì í ya ara wọn: igbó tó bo ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí òjò wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí odò má baà kún àkúnjù lónìí kí ó sì gbẹ lọ́la.

SÒBÌÀ: Ẹ̀KỌ́ ỌMI KÉKERÉ

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí omi kékeré lè ṣe, ìtàn sòbìà ni kí a bèèrè. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá iṣẹ́ ìlera kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìgbò-Ọrà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníṣègùn ti ń wá gbé láàárín wa láti kọ́ nípa àrùn ìgbèríko. Àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣègùn wọ̀nyí, pẹ̀lú àwọn ará ìlú, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí sòbìà, pàápàá jù lọ ní Ìdèrè àti àwọn abà rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ Ìdèrè fi di mímọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìlera káàkiri ayé.

Báyìí ni àrùn náà ṣe ń rìn. Ẹni tí sòbìà ń jẹ́ yọ lẹ́sẹ̀ yóò wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ lọ pọn omi, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti fi dé ibi tí omi jìn. Bí ojú egbò bá ti kan omi, aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Kòkòrò omi tín-ín-tín, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, yóò gbé àwọn ọmọ náà mì. Ẹlòmíràn yóò bu omi náà mu. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, aràn náà yóò yọ lára onítọ̀hún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi kéré nínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí gbogbo ènìyàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀, ni àrùn náà máa ń le jù lọ lọ́dọ̀ wa. Àgbẹ̀ tó yẹ kó wà lóko a jókòó sílé, ọmọ tó yẹ kó wà ní ilé-ìwé a wà lórí ẹní.

Nígbà tí ìjọba ka àwọn tó ní sòbìà ní gbogbo Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1988 sí 1989, iye wọn lé ní 650,000. Ó gba ogún ọdún kí a tó rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2008. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Kì í ṣe iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni ó lé e lọ. Aṣọ wíwẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi wà níbẹ̀. Kànga tí a mọ ògiri yí ẹnu rẹ̀ ká kí ẹnikẹ́ni má baà ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wà níbẹ̀. Oògùn tí a ń dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará abà tí a kọ́ láti máa ṣọ́ àrùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ méjì nínú èyí. Èkíní, bí a ṣe kọ́ ojú omi ṣe pàtàkì bí omi náà fúnra rẹ̀: ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ àti kànga tí ẹsẹ̀ kò lè wọ̀ lè wà ní ibi kan náà, kí ọ̀kan máa pín àrùn kí èkejì sì máa dáàbò bo ìlú. Èkejì, omi ẹ̀rọ tó dákẹ́ burú ju ẹ̀rọ tí kò wá rárá lọ ní ọ̀nà kan: àwọn ènìyàn ti patì kànga wọn àtijọ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá sì kọṣẹ́, ọ̀gọ̀dọ̀ ni wọn yóò padà sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣírò iṣẹ́ omi gbọ́dọ̀ ṣírò ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti ẹni tí yóò tún un ṣe.

ÌSÉDÒ ŃLÁ: ỌYÁN ÀTI ÌKÉRÉ

Ọ̀dá tó mú àríwá ilẹ̀ wa ní nǹkan bí ọdún 1972 sí 1974 dẹ́rù ba ìjọba. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun fi òfin dá àwọn àjọ tí yóò máa bójú tó àwọn odò ńlá Nàìjíríà sílẹ̀. Èyí tó kàn wá nínú wọn ni Àjọ Ìdàgbàsókè Odò Ògùn òun Ọ̀ṣun, tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta. Àjọ yìí ni ó ni ìsédò méjì tó fi ọwọ́ kan omi Ìbàràpá, ọ̀kan lókè wa, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀.

Ti ìsàlẹ̀ ni Ọyán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1983. Níbẹ̀ ni omi Ọ̀fíkì wa ti ń dara pọ̀ mọ́ Ọyán. Adágún rẹ̀ fẹ̀ tó 4,000 hẹ́kítà, ó sì lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì. Ohun tí wọ́n ní yóò ṣe ni kí ó máa fún Èkó àti Abẹ́òkúta ní omi, kí ó bomi rin oko tó tó 3,000 hẹ́kítà, kí ó sì mú iná mànàmáná jáde. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta síbẹ̀ ní ọdún 1983 kan náà. Títí di ọdún 2007, wọn kò tíì lò wọ́n.

Ti òkè ni Ìkéré, lórí odò Ògùn ní ìhà Ìsẹ́yìn. Ìjọba Olusegun Obasanjo ni ó dá èrò rẹ̀, ìjọba Shagari sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1982 sí 1983. Ó tóbi ju ti Ọyán lọ púpọ̀: omi 690 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì ni adágún rẹ̀ lè gbà, wọ́n sì pinnu pé yóò bomi rin oko tó tó 12,000 hẹ́kítà. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, iṣẹ́ náà dúró láìparí gbogbo ohun tí a ṣèlérí.

Kí ni ìsédò ń ṣe sí odò? Omi tí ń sáré yóò di omi tó dúró. Èyí dára ní ọ̀nà kan, nítorí pé kòkòrò dúdú tí ń gbé àrùn ìfọ́jú etí odò kiri, omi tí ń sáré ló fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n ìgbín kéékèèké inú omi, omi tó dúró tí koríko wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, àwọn ìgbín wọ̀nyí ni ó sì ń gbé àtọ̀sí ajá. Ọmọ tó ní àrùn náà yóò tọ̀ sínú omi. Ẹyin àrùn yóò pa, yóò wọ inú ìgbín. Nígbà tó bá jáde, yóò gba awọ ara wọ inú ẹni tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ tàbí tó ń pẹja. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa bá ìtọ̀ jáde.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní etí adágún Ọyán nìyẹn. Àwọn tí omi lé kúrò ní ilẹ̀ baba wọn ni a kó sí àwọn ibùdó tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn abúlé etí adágún náà ń jẹ́ Abúlé Títun, orúkọ tí ń pa ìtàn ara rẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtọ̀sí ajá ti fìdí múlẹ̀ nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí, pàápàá lára àwọn ọmọdé. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lo oògùn lónìí tó sì padà sínú omi kan náà lọ́la yóò tún kó o. Omi ń lọ sí Èkó àti Abẹ́òkúta, àrùn dúró sí etí adágún. Bí a bá ti bèèrè ṣáájú pé ta ni yóò mu omi, ta ni yóò sì san gbèsè rẹ̀, bóyá a ì bá ti gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé náà, kí a sì ti kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn kí omi tó kún.

Ìsàlẹ̀ odò náà ní ìpín tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí òjò pọ̀ jọjọ, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ìsédò Ọyán. Omi gba odò Ògùn sọ̀kalẹ̀, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nílé wọn ní Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀. A kò lè ní kí wọ́n má ṣí ìlẹ̀kùn, nítorí pé ìsédò tó kún àkúnya lè ya, èyí sì burú jù. Ṣùgbọ́n ìsédò a máa mú odò rọ̀ fún ọdún púpọ̀, àwọn ènìyàn a gbàgbé pé ọ̀nà omi ni ibẹ̀, wọn a kọ́lé sí i. Odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí ilẹ̀ Gánà parí ìsédò Àkósómbò ní ọdún 1965, nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ó fi ilé sílẹ̀ fún adágún Vólítà, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ ní etí rẹ̀. Ti Kàìnjí tiwa, ní ọdún 1968, lé nǹkan bí 44,000 kúrò, ìlú Bùsà sì wọ omi. Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tó yẹ ọ̀rọ̀ ìsédò wò sọ ní ọdún 2000 pé láàárín 40 mílíọ̀nù sí 80 mílíọ̀nù ènìyàn ni ìsédò ti lé kúrò nílé ní gbogbo ayé. Ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé kí a má sé odò mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìsédò ti ṣe ènìyàn láǹfààní púpọ̀, ṣùgbọ́n pé iye tí a san fún un ti pọ̀ jù, orí àwọn tí kò sì jẹ nínú èrè rẹ̀ ni ẹrù náà bọ́ sí.

ÒFIN TÓ DÉ LẸ́YÌN

Lẹ́yìn tí àwọn aláìbìkítà kan láti ilẹ̀ òkèèrè wá da ìdọ̀tí olóró sí Kókò ní ọdún 1988, ìjọba jí gìrì. Ní ọdún 1992 ni òfin nọ́mbà 86 jáde, tó pa á láṣẹ pé kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò ṣe sí àyíká kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Òfin náà dárúkọ iṣẹ́ omi: ìsédò tí adágún rẹ̀ bá tó 200 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, àti iṣẹ́ ìbomirin oko tó bá tó 5,000 hẹ́kítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí àyẹ̀wò.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a ti kọ sókè. Adágún Ọyán fẹ̀ ní ìlọ́po ogún ju ìwọ̀n tí òfin fi lélẹ̀. Oko tí Ìkéré fẹ́ bomi rin ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí a ṣí Ọyán kí òfin tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni òfin náà ní àlàfo kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: ìsédò kékeré ti ìlú, ọ̀gọ̀dọ̀ ẹran ọ̀sìn, àti kànga ẹ̀rọ tí ọmọ ìlú tàbí olóṣèlú fi tọrẹ, kò tó ìwọ̀n tí òfin ń bèèrè. Ìtàn sòbìà sì ti fi hàn wá pé omi kékeré lè sọ odidi ìlú di arọ.

Kí a má ṣe rò pé ìsédò nìkan ni ó ń yí odò padà. Igi tí a ń gé fún èédú ní ilẹ̀ Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn, oògùn tí a ń fi pa koríko ní oko etí odò, àti ilẹ̀ tí òjò ń wọ́ lọ, gbogbo rẹ̀ ni Ọ̀fíkì ń gbé lọ sí adágún Ọyán. Erùpẹ̀ tó bá kún ìsàlẹ̀ adágún ti gba ipò omi. Nítorí náà, àwọn ará ìsàlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bi wá léèrè, gẹ́gẹ́ bí a ti ní ẹ̀tọ́ láti bi àwọn ará òkè.

ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ Á MÁA BÉÈRÈ

Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá mú iṣẹ́ omi wá sí ìlú kan nínú méjèèje, ìbáà ṣe ìjọba tàbí ọmọ ìlú tí Ọlọ́run bù kún, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa béèrè nǹkan mẹ́fà yìí:

Èkíní, níbo ni omi náà ti ń wá, ta ni ó sì ń lò ó tẹ́lẹ̀?

Èkejì, ilẹ̀ ta ni yóò bò mọ́lẹ̀, kí ni a ó sì fún wọn kí omi tó dé?

Ẹ̀kẹta, àrùn wo ni ó lè mú wá, kí sì ni a ti pèsè sílẹ̀ dè é?

Ẹ̀kẹrin, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí akùrọ̀, sí ẹja àti sí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ní ìgbà òjò?

Ẹ̀karùn-ún, àwọn ará abà ńkọ́? Ṣé a pè wọ́n, àbí ìgboro nìkan ni a rántí?

Ẹ̀kẹfà, ní ọdún kẹwàá, ta ni yóò máa tún un ṣe, owó ta ni yóò sì fi ṣe é?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Láàárín yín ni a ti rí oníṣègùn, amòfin àti onímọ̀ ẹ̀rọ. Bí ìjọba bá gbé ìwé àyẹ̀wò jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà, ẹ bá wa kà á, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn tí ilẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta ìlú lọ́rẹ kànga ẹ̀rọ, ẹ fi owó àtúnṣe rẹ̀ kún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ ilẹ̀ kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò.

Àwa tí a wà nílé náà kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Ohun kan wà tí gbogbo ilé-ìwé wa lè ṣe láìná owó púpọ̀: kí àwọn ọmọ máa fi okùn tí a sàmì sí wọn ìjìn omi inú kànga ilé-ìwé lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kan tí a ń tọ́jú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìlú yóò ní ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò lè fi hàn pé ẹnikẹ́ni bà á jẹ́.

A kò sọ pé kí iṣẹ́ omi má wá sí ilẹ̀ Ìbàràpá. A fẹ́ ẹ, a nílò rẹ̀, a ó sì máa bèèrè rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ìṣirò ṣáájú iṣẹ́, kí àwọn tí yóò gbé ní etí omi sì wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ Ìbàràpá tutù fún tọmọdé tàgbà. Àmín.